Apátí

Àpò kòkó kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi.
Kì í ṣe oko, kì í ṣe ilé:
àpò kan tí èkúté ti jẹ etí rẹ̀,
lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ wa ní Odòsìdá, nílùú Oǹdó.
Mo dà á sílẹ̀, ó ró wọ̀ọ̀!
Egungun ìbọn ni gbogbo rẹ̀.
Ìdí tí kò lọ́pàá, ọ̀pá tí kò nídìí,
ìdè tó ti gbàgbé ihò rẹ̀,
ìpẹtà pupa bí ata gbígbẹ lára ohun gbogbo.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́ ní tèmi.
Irin tí ń pariwo kó tó ṣiṣẹ́ ni mo mọ̀.
Ṣákábùlà kì í pariwo;
ó ń dúró dè ọ́ ni.

Ọ̀pá tó sàn jù, kì í ṣe inú àpò ló ti wá.
Bọ̀lọ̀rúndúró ni mo ti rí i,
obìnrin àgbẹ̀ kan fi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ wó.
Mo fún un ní ọparun méjì àti ọṣẹ ìfọṣọ kan, mo gbà á.
Mo yọjú wo inú rẹ̀: ilé agbọ́n.
Omi gbígbóná ni mo ń rọ sí i fún ọ̀sán mẹ́ta
kí n tó rí ojú ọ̀run lódìkejì,
róbótó bí kọ́bọ̀ àtijọ́.
Ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ àga ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, igi àpá tí ikán jẹ tì.
Àwọn tó fi ogójì ọdún gbàdúrà lórí rẹ̀
kò mọ̀ pé ìbọn ni àwọn jókòó lé.
Sípíríńgì, inú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi.
Ẹ má sọ fún un.
Àdín ni mo fi ń pa gbogbo rẹ̀ lálaalẹ́;
ìyàwó mi ní mò ń rùn bí ọmọ tuntun.

Ó ku apátí.

Mo tún àpò náà gbọ̀n.
Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àkísà òfì tí a ta ní kókó mẹ́ta,
apátí kan. Kò ní ìpẹtà rárá.
Ẹnì kan ti ń fi epo pa á láìsọ fún ẹnikẹ́ni.
Ilà mẹ́ta ni wọ́n fi ayùn fà sí i lọ́rùn.
Mo fi í sípò, ó wọlé wẹ́rẹ́,
bí ẹni tó padà sí yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Bàbá Akíntọ́mídé yà wá mu omi.
Wọ́n ní ọdẹ ni tẹ́lẹ̀;
láyé tèmi, n kò rí ìbọn léjìká rẹ̀ rí.
Ó rí ohun tó wà lórí tábìlì.
Kọ́ọ̀bù dúró lágbedeméjì ọwọ́ àti ẹnu.
"Ta ló fún ọ ní apátí yẹn?"
Mo ní bàbá mi ni.
Ó jókòó sórí táyà.

"Ilà kan, túùkú tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wọn ní àjẹrun.
Ilà kan, ẹfọ̀n Ọ̀wẹ̀nà.
Ẹ̀kẹta, èmi kọ́ ni mo fà á."
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí.
"Ẹ̀wù pupa rúsúrúsú ni Fátúrótì wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo rò pé àgbọ̀nrín ni.
Bàbá rẹ ló fa ilà yẹn, ló yọ ọ́ lára ìbọn.
Ó sọ fún mi pé òun ti jù ú sódò."

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ sírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.
Mo tú ìdè, mo nà án sí i.
Ó fi áńkáṣífù wé e, ó tì í bọ àpò,
ó bi mí pé èló ni.
Mo ní ó di ọjọ́ mìíràn.
Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó dìde,
ó sì da kọ́ọ̀bù náà dojú dé.

Ìbọn ọ̀hún ṣì wà lára ògiri.
Kò ní apátí, kò ní ẹ̀tù, ìda ni mo fi dí i létí.
Wọ́n ti ná an lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì; n kò tà.
Ìbọn ní apátí, kò lápátí,
ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ kọ òun?
Èmi tí mo tò ó, tí mo mọ ohun tó ṣaláìní,
bí mo bá fẹ́ mú sípánà níkọ̀rọ̀ yàrá,
ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń gbà kọjá.